Orí Kẹjọ: Áàpù Orí Fóònù Nínú Ìtọ́jú Àwọn Tó Ń Ṣe Ara Wọn Léṣe

Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Aláìsàn tó ń ti ilé wá gba ìtọ́jú, bí ó bá ṣe oríire, wákàtí kan ló máa ń bá olùtọ́jú rẹ̀ jókòó láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ni kì í rí dókítà ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Nínú wákàtí 167 tó kù, ilé ló wà, tàbí ilé ẹ̀kọ́, tàbí ẹnu iṣẹ́, tàbí orí ibùsùn rẹ̀ ní aago méjì òru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Aago méjì òru yẹn ni orí yìí dá lé lórí. Ẹni tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe kì í ṣe é níwájú nọ́ọ̀sì. Ohunkóhun tí a bá kọ́ ọ ní kílíníìkì, bí kò bá lè bá a délé kó sì wà nítòsí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ọkàn rẹ̀ dàrú, a ò tíì ṣe ohun tó yẹ ká ṣe.

Fóònù sábà máa ń wà nítòsí ní ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló mú kí àwọn olùtọ́jú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, England àti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bóyá a lè fi ìtọ́jú sínú rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ka èyí tó kù, mo fẹ́ kó mú ohun kan dání. Áàpù tí olùtọ́jú àti aláìsàn jọ yàn, tí wọ́n jọ kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, tí wọ́n sì tún jọ ṣí wò ní ọjọ́ ìpàdé tó tẹ̀lé e, ó lè ran ìtọ́jú lọ́wọ́. Èyí tí a kàn dárúkọ fún aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà pé kó lọ gbà á sórí fóònù rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tún bèèrè rẹ̀ mọ́, kò yàtọ̀ sí oògùn tí a fún èèyàn láìsọ bí yóò ṣe lò ó.

Àwọn tí à ń tọ́jú

Nínú orí yìí, ẹni tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe ni ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pa ara rẹ̀ lára, yálà ó fẹ́ kú tàbí kò fẹ́ kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ kú rárá. Bí a bá fara balẹ̀ bi wọ́n, wọn a ní ìbànújẹ́ tàbí ìbínú tàbí ìtìjú kan ló pọ̀ ju agbára àwọn lọ. Àwọn mìíràn a ní ṣe ni inú àwọn ṣófo, àwọn ò mọ nǹkan kan lára mọ́. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ara wọn ni wọ́n ń fìyà jẹ nítorí ohun tí wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi rẹ̀. Ìtura tí wọ́n ń wá kì í pẹ́ kó tó lọ, ìtìjú tuntun ló sì máa ń gba ipò rẹ̀.

Àwọn ará ilé, àti àwa òṣìṣẹ́ ìlera náà nígbà mìíràn, a máa ń sọ pé wọ́n kàn fẹ́ kí èèyàn máa wo àwọn ni. Ọ̀rọ̀ yìí ń ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó ń fi ọgbẹ́ pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tó ń wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru, kò wá ojú ẹnikẹ́ni. Bí nọ́ọ̀sì bá pariwo tàbí tó bá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù lọ́jọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà jáde, ó ṣeé ṣe kí aláìsàn náà má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a ò gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ní ọdún 2014, Carroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ nípa àwọn tó dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ara wọn léṣe. Láàárín ọdún kan, nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tún ṣe é, nǹkan bí 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún sì gba ẹ̀mí ara wọn. Àsìkò tí aláìsàn ti padà sílé, tí a rò pé nǹkan ti rọlẹ̀, gan-an ni ojú wa gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀.

Ṣé a lè mọ ẹni tí yóò tún ṣe é? Àjọ NICE, tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ fún ilẹ̀ England, sọ̀rọ̀ tó yanjú lórí èyí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Ó ní kí olùtọ́jú má ṣe fi ìwé ìbéèrè tó ń fún èèyàn ní máàkì sọ àsọtẹ́lẹ̀ nípa aláìsàn, kó má sì ṣe fi irú máàkì bẹ́ẹ̀ pinnu ẹni tí yóò rí ìtọ́jú àti ẹni tí a ó ní kó máa lọ sílé. Kó jókòó ti aláìsàn, kó mọ ohun tó ń dun ún, ohun tó nílò, àti àwọn tó yí i ká. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá rí áàpù tó ń fi àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé sọ pé aláìsàn wà nínú ewu tàbí kò sí nínú ewu. Àwọ̀ yẹn kò gbọ́dọ̀ rọ́pò ìbéèrè tí ẹ fi ẹnu yín bi í.

Ibi tí èrò náà ti wá

Áàpù kọ́ ló bí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Ọgbọ́n náà ti wà nínú ìtọ́jú kí fóònù tó gbọ́n. Marsha Linehan, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ní yunifásítì Washington nílùú Seattle, ló gbé ìtọ́jú tí a mọ̀ sí DBT kalẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ara wọn léṣe léraléra. Ó tẹ àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀ jáde ní ọdún 1991, ìwé tó fi kọ́ àwọn olùtọ́jú sì jáde ní ọdún 1993. Ní ọdún 2011, ó sọ ní gbangba pé òun fúnra òun ti wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ nígbà ọ̀dọ́ òun, tí òun ń ṣe ara òun léṣe. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó rò pé ẹni tó bá ti wà nípò bẹ́ẹ̀ rí kò lè dìde mọ́.

Nínú DBT, aláìsàn máa ń rí olùtọ́jú rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó sì máa ń bá àwọn mìíràn jókòó ní kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń fara da ìnira ọkàn láìpa ara rẹ̀ lára. Ohun méjì nínú rẹ̀ ló kàn wá jù. Èkíní ni káàdì tí aláìsàn ń kọ ìṣesí rẹ̀ sí lójoojúmọ́: báwo ni ọkàn rẹ̀ ṣe rí, ṣé ó ń ṣe é bíi kó pa ara rẹ̀ lára, kí ló ṣe nígbà náà. Òun àti olùtọ́jú yóò jọ ka káàdì náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Èkejì ni pé aláìsàn lè pe olùtọ́jú rẹ̀ lórí fóònù láàárín ọ̀sẹ̀, kó tó ṣe ara rẹ̀ léṣe, kí olùtọ́jú rán an létí ohun tó ti kọ́. Ẹ ti rí i pé káàdì àti ìpè yìí ni púpọ̀ nínú àwọn áàpù òde òní gbé wọ inú fóònù.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ni Shireen Rizvi. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Linehan wà lára wọn, gbé àbájáde áàpù kan tí wọ́n pè ní DBT Coach jáde ní ọdún 2011. Èèyàn 22 ló lò ó. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: kí èèyàn ṣe òdì kejì ohun tí ìmọ̀lára rẹ̀ ń tì í láti ṣe. Bí ìtìjú bá ní kó sá pamọ́, kó jáde sáàárín èèyàn. Àwọn tó lò ó ní ìmọ̀lára tó ń dà wọ́n láàmú rọlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó. Iye èèyàn náà kéré, àmọ́ ọ̀nà ti là.

Orísun kejì ni ètò ààbò tí Barbara Stanley àti Gregory Brown ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 2012. Ewé ìwé kan ni, ìgbésẹ̀ mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Aláìsàn yóò kọ àmì tó fi ń mọ̀ pé nǹkan ti fẹ́ dàrú. Lẹ́yìn náà ni ohun tó lè dá ṣe fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn tàbí ibi tó lè lọ kí ọkàn rẹ̀ lè kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó lè sọ òótọ́ fún. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà àwọn olùtọ́jú. Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn sì ni bí wọn yóò ṣe kó ohun tó lè fi pa ara rẹ̀ lára kúrò nítòsí rẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn méjèèjì àti ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì, 1,640 ní iye, tí wọ́n wá sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì. Àwọn tí wọ́n bá ṣe ètò ààbò, tí wọ́n sì ń pè lórí fóònù lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé, ìwà wọn tó jẹ mọ́ gbígba ẹ̀mí ara wọn láàárín oṣù mẹ́fà fi nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ìwé nìkan kọ́, ìwé àti ohùn èèyàn tó pe aláìsàn lẹ́yìn náà ni.

Láti ibi yìí, kò ṣeé ṣe fún mi kí n má mẹ́nu ba ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1954 ni dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, tí mọ̀lẹ́bí kan wà lọ́dọ̀ aláìsàn, tí aláìsàn yóò gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn lójúmọmọ, kó sì padà sáàárín èèyàn lálẹ́. Lambo mọ̀ pé ẹni tó wà pẹ̀lú aláìsàn lóru jẹ́ ara ìtọ́jú. Kò sí áàpù tó tíì lè ṣe ohun tí mọ̀lẹ́bí yẹn ṣe. Ẹ jẹ́ ká fi ojú yẹn wo èyí tó kàn.

BlueIce ní England

Mo yan áàpù yìí láti fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé inú ìtọ́jú gan-an ni wọ́n ti ṣe é. Paul Stallard ti yunifásítì Bath ló ṣáájú iṣẹ́ náà pẹ̀lú ẹ̀ka ìlera ìjọba ní agbègbè Oxford. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ṣe ara wọn léṣe rí ni wọ́n bá jókòó nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Àwọn ni wọ́n bi léèrè ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ àti ohun tó yẹ kí wọ́n yọ kúrò. Àwọn ọmọ ọdún 12 sí 17 tó ń gba ìtọ́jú ọpọlọ ní kílíníìkì ni wọ́n ṣe é fún, olùtọ́jú wọn ló sì ń fi lé wọn lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ oògùn fúnni.

Bí ọmọ bá ṣí i, ó lè kọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí lónìí àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ bá wúwo, áàpù náà yóò mú un lọ sí àwọn ohun tó lè gbé e sókè, àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ti kó síbẹ̀ ṣáájú: orin tó fẹ́ràn, fọ́tò àwọn èèyàn rẹ̀ àti ọjọ́ tí inú rẹ̀ dùn, ohun tó lè fi ara ṣe, ohùn tó ń kọ́ ọ bí a ti ń mí kanlẹ̀, ibi tó ti lè yẹ èrò burúkú kan wò bóyá òótọ́ ni, àti orúkọ àwọn tó lè pè. Lẹ́yìn èyí, yóò tún bi í bóyá ó ṣì ń ṣe é bíi kó ṣe ara rẹ̀ léṣe. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò mú un tààrà lọ sí nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì. Gbogbo ìrìn yìí ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sì ń wá. Ohun tó ń ti èèyàn láti pa ara rẹ̀ lára máa ń dìde, ó sì máa ń rọlẹ̀. Bí ọwọ́ bá rí nǹkan mìíràn ṣe títí yóò fi rọlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí òru náà kọjá láìsí ọgbẹ́.

Àbájáde àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2018. Ọ̀dọ́ 44 ló gbà láti dán an wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, 40 nínú wọn ní àwọn fẹ́ máa lò ó lọ. Nínú àwọn 26 tó ti ṣe ara wọn léṣe láìpẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sì tún dáhùn ìbéèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, 19 ní ó ti dín kù. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn wọn náà dín kù.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí wé. Gbogbo wọn ló ń rí olùtọ́jú lásìkò kan náà, àwọn mìíràn ì bá sì ti sàn láìsí áàpù kankan. Ọ̀dọ́ tí ìdààmú rẹ̀ le jù lọ ló sì máa ń ṣòro jù láti rí nígbà tí a bá padà wá bèèrè ìbéèrè. Ohun tí ìwádìí náà jẹ́ ká mọ̀ ni pé àwọn ọmọ gba áàpù náà tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì rò pé ó ran àwọn lọ́wọ́. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré, àmọ́ kò tó láti fi sọ pé áàpù ló wò wọ́n sàn.

Ohun tí àwọn àyẹ̀wò mìíràn sọ

Bí a bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí áàpù ṣe fúnra rẹ̀, a ní láti fi kèké pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Nigel Bush àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Virtual Hope Box, áàpù tí àwọn aláìsàn ń kó fọ́tò, ohùn àti ọ̀rọ̀ ìṣírí tiwọn sí. Ọmọ ogun 118 tó ti fẹ̀yìn tì ló kópa, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2017. Àwọn tó lo áàpù náà ní àwọn túbọ̀ lè fara da ìmọ̀lára tó le. Ní ti èrò àtigba ẹ̀mí ara ẹni, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn àti àwọn yòókù.

Joseph Franklin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 2016. Eré ìdárayá orí fóònù ni tiwọn, tí wọ́n fẹ́ fi yí ojú tí èèyàn fi ń wo ara rẹ̀ àti ojú tó fi ń wo ọgbẹ́ padà. Ṣíṣe ara ẹni léṣe dín kù nígbà tí wọ́n ń ṣe eré náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró, àǹfààní náà kò dúró. Lójú tèmi, èyí ló yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n jù nínú gbogbo wọn: ohun tí kò bá wọnú ìgbé ayé èèyàn àti ìtọ́jú rẹ̀ yóò bá fóònù lọ nígbà tí fóònù bá wà ní pípa.

Calm Harm, tí ẹgbẹ́ aláàánú stem4 ní ilẹ̀ Bírítéènì gbé jáde lábẹ́ Nihara Krause, ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ̀ jù. Ọ̀fẹ́ ni, ó ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, inú DBT ni wọ́n sì ti mú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ń ní kí ẹni tó ṣí i yan ohun kan láti ṣe fún ìṣẹ́jú díẹ̀, títí ohun tó ń tì í yóò fi kọjá bí ìgbì òkun.

Bí a ṣe ń fi áàpù sínú ìtọ́jú

Apá yìí ni kí nọ́ọ̀sì àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kà lákàtúnkà. Ìwádìí lórí áàpù pọ̀, ìwádìí lórí bí a ṣe ń fi í lé èèyàn lọ́wọ́ kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tó fi í léni ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò tó péye, kí ẹ gbọ́ ìtàn aláìsàn tán. A kì í fi áàpù ṣí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ kú, tó sì ti mọ bí òun yóò ṣe ṣe é, áàpù kọ́ ló kàn án. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ sì pe dókítà àgbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí áàpù bá wá tọ́ sí aláìsàn, ẹ̀yin náà ti gbọ́dọ̀ lò ó rí lórí fóònù tiyín. Ẹ wo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ lè gbà lọ láàárín nọ́ọ̀sì kan àti ọmọbìnrin ọdún 16 ní kílíníìkì kan ní ilẹ̀ wa. Àpẹẹrẹ lásán ni:

— Ṣé o ní fóònù tìrẹ, àbí ìwọ àti màmá rẹ lẹ jọ ń lò ó?

— Tèmi ni mà. Ṣùgbọ́n àbúrò mi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

— O ṣé tí o sọ ọ́. Èyí ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀ lọ́tọ̀, jẹ́ ká yan èyí tí àbúrò ò ní mọ̀. Nígbà tí nǹkan bá ti fẹ́ dàrú fún ọ, kí lo máa ń kọ́kọ́ rí lára ara rẹ?

— N kì í fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ mà. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi.

— Kọ ọ́ síbẹ̀ bí o ṣe sọ ọ́ yẹn gẹ́lẹ́. Ta lo lè pè nígbà náà, tí kò ní bá ọ wí?

— Àǹtí mi, àbúrò màmá mi. Òṣogbo ni wọ́n wà. Wọn kì í bú mi.

— Ṣé wọ́n mọ̀ pé o lè pe àwọn lóru?

— Rárá mà.

— Bí o bá gbà, jẹ́ ká pè wọ́n báyìí, kí ìwọ fúnra rẹ sọ fún wọn.

Ẹ wo ohun tí nọ́ọ̀sì yìí ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ló kọ sílẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ ìwé rọ́pò rẹ̀. Kò sì jẹ́ kí orúkọ Àǹtí kàn wà lórí fóònù lásán. Ó rí i dájú pé Àǹtí yóò gbé e bí ó bá dún lóru. Kí ó tó jẹ́ kí ọmọ náà lọ, ó tún ku ohun kan: kó sọ fún un kedere pé ẹnikẹ́ni kò jókòó sí kílíníìkì máa wo ohun tó ń kọ sínú áàpù. Ọ̀dọ́ tó bá kọ ọ́ sínú fóònù lóru pé ẹ̀mí sú òun, tó rò pé nọ́ọ̀sì ti rí i, tí nọ́ọ̀sì kò sì pè, yóò gbà pé a pa òun tì.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, áàpù náà ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Kí ẹ má bèèrè rẹ̀ bíi tíṣà tó ń bèèrè iṣẹ́ àmúrelé. Bí ó bá lò ó, kí ló ràn án lọ́wọ́, kí ni kò ràn án lọ́wọ́? Bí kò bá lò ó, kí ló dí i lọ́wọ́? Bóyá dátà ló tán, bóyá iná ò sí kí fóònù gbà, bóyá ọkàn rẹ̀ ti dàrú kọjá ẹni tó lè ka nǹkan. Ẹ yọ ohun tí kò ṣiṣẹ́, kí ẹ fi òmíràn sí i. Bí ó bá ṣe ara rẹ̀ léṣe láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ẹ tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀ láìfi ojú ẹlẹ́bi wò ó, kí ẹ sì jọ tọ ìtàn ọjọ́ náà padà títí ẹ óò fi rí ibi tí áàpù tàbí èèyàn kan ì bá ti wọlé.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ní ọdún 2016, Larsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn áàpù 123 tó jẹ mọ́ gbígba ẹ̀mí ara ẹni. 49 péré ló ní ohun tí ẹni tó wà nínú ìṣòro lè lò láti fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì bá ohun tó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá nínú àwọn kan. Martinengo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún yẹ 69 wò ní ọdún 2019. Márùn-ún péré ló ní gbogbo ọ̀nà mẹ́fà tí àwọn onímọ̀ fọwọ́ sí. Áàpù mẹ́fà ló gbé nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ tí kò tọ̀nà tàbí tí kò sí rárá jáde, bẹ́ẹ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ti gba àwọn kan nínú wọn sórí fóònù. Ẹ ronú ẹni tó kó gbogbo agbára tó kù fún un jọ láti tẹ nọ́ńbà kan, tí fóònù ní nọ́ńbà náà kò sí. Nítorí náà, ẹ tẹ gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú áàpù fúnra yín kí ẹ tó fi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù wọ̀nyí, nọ́ńbà England tàbí Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀. Kò wúlò fún ọmọ tó wà ní Ìkòròdú.

Ewu kejì ni àṣírí. Ẹ ka ohun tí áàpù sọ pé òun ń fi ọ̀rọ̀ aláìsàn ṣe. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, ọ̀rọ̀ ìlera sì wà lára ohun tí òfin náà ní kí a ṣọ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ewu tó sún mọ́ jù ni ìkéde tó yọ lójú fóònù nígbà tí bàbá tàbí ọ̀rẹ́kùnrin wà nítòsí. Ẹ pa ìkéde náà kí aláìsàn tó dìde lórí àga.

Ní ilẹ̀ wa

Ẹ̀rù òfin wà. Abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní ìhà gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní ilé ìwòsàn ni kí ilé ẹjọ́ rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ ti orílẹ̀-èdè, èyí tó fi ẹ̀tọ́ aláìsàn ọpọlọ lélẹ̀. Ó yẹ kí abala 327 kúrò nílẹ̀. Títí di ìgbà náà, kí olùtọ́jú mọ̀ pé ẹ̀rù ọlọ́pàá lè mú kí aláìsàn kọ̀ láti kọ òótọ́ sínú fóònù rẹ̀, kó má sì pe ìyẹn ní orí kunkun.

Èdè ni ìṣòro tó tẹ̀lé e. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn áàpù tí a dárúkọ yìí ń sọ. Ẹni tó ń fi Yorùbá sunkún kò yẹ kó ní láti túmọ̀ ìbànújẹ́ rẹ̀ kó tó rí ìrànlọ́wọ́. Ohun tí a lè ṣe lónìí kò ní kí a dúró de ẹni tó ń kọ áàpù. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà Stanley àti Brown ṣeé kọ ní Yorùbá sórí ìwé kékeré tí aláìsàn lè fi sẹ́yìn páálí fóònù rẹ̀. Orin tó fẹ́ràn àti fọ́tò àwọn èèyàn rẹ̀ ṣeé kó sójú kan lórí fóònù tí kò ní dátà. Ohùn nọ́ọ̀sì tàbí ti ìyá àgbà tó ń ṣàdúrà fún un ṣeé gbà sílẹ̀, kó máa gbọ́ ọ lóru. Ní ilé ìwòsàn yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, ẹgbẹ́ SURPIN ń gba ìpè àwọn tó wà nínú ìdààmú. Ẹ wá nọ́ńbà wọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kílíníìkì yín.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Yan áàpù kan tó ní òun wà fún àwọn tó ń ṣe ara wọn léṣe. Èwo nínú ìgbésẹ̀ mẹ́fà ètò ààbò ló wà nínú rẹ̀, èwo ni kò sí? Pe gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ṣàlàyé pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́ àti pé ò ń yẹ nọ́ńbà náà wò, má sì pẹ́ lórí ìlà.

2. Kí ló dé tí a ò fi lè sọ pé áàpù BlueIce ló mú kí àwọn ọ̀dọ́ 19 nínú 26 dín in kù? Ṣe ètò àyẹ̀wò tí yóò jẹ́ ká lè sọ bẹ́ẹ̀.

3. Bàbá ọmọ ọdún 15 kan ní kí o fi ohun tí ọmọ òun kọ sínú áàpù han òun. Ìwọ àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, kí ọ̀kan jẹ́ bàbá, kí ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni orí yìí ń sọ. Ìwọ náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú, kò sì ní ba iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe jẹ́. Sọ fún ẹnì kan lónìí: olùkọ́ tí o fọkàn tán, dókítà ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀gbọ́n, tàbí ọ̀rẹ́. Bí ewu bá sún mọ́, jẹ́ kí ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín tàbí kí ẹ pe 112 ní Nàìjíríà. Bí o bá wà ní Bírítéènì, pe 116 123. Bí o bá wà ní Amẹ́ríkà, pe 988.